Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: “Ta Lo Rà Á Fún?”

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti fi ojú mi rí nǹkan láti bí ọdún 50 sẹ́yìn.

*

Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọdún ìkẹyìn ni mo wà. Àwọn ìyá oníṣu ọjà Bódìjà ni mo fi ṣe project mi. Mo kọ ọ́ sínú Chapter Three pé “These are the women the researcher spoke with.” Supervisor mi fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ “with”, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé mi ò gbọdọ̀ fi preposition, irú ọ̀rọ̀ bíi “with” àti “in”, parí gbólóhùn láéláé. Mo jókòó títí di aago méjì òru, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí mo gbé e padà fún un, ìlà pupa tó fà sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi ojú ìwé mẹ́rin sínú lẹ́tà yìí kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Ìyá wa, ṣé òfin ni lóòótọ́? Bó bá jẹ́ òfin, kí ló dé tí àwọn òyìnbó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù?
Ojú Ń Pọ́n Mi, Ọ̀jọ́ọ̀

Ojú Ń Pọ́n Mi, pẹ̀lẹ́. Fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe òfin.

Ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní láti sọ ohun tó o fẹ́ sọ. “The women the researcher spoke with” ni tìrẹ. “The women with whom the researcher spoke” ni ti supervisor rẹ. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú méjèèjì. Tirẹ̀ wọ agbádá. Tìrẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó sì mọ́ tónítóní. Ó lè ní agbádá lòun fẹ́ nínú project, òun ló máa fọwọ́ sí i. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni “láéláé” tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yẹn.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní 1974, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Olùkọ́ wa kan ní ká kọ àròkọ nípa ìyá wa. Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà’ba. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó ti máa gbé igbá jáde, àwa mẹ́rin á sì wà lórí ẹní, àgbà wa ò ju ọmọ ọdún 9 lọ. Mo kọ ọ́ pé “She had nobody to leave us with.” Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ni gbogbo àròkọ náà. Olùkọ́ wa kà á sókè níwájú kíláàsì, ó dúró lórí “with”, ó ní, “With kí ni? With ta ni? Gbólóhùn rẹ ṣì ń wá ẹnìkejì rẹ̀ kiri.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Máàkì 3 ló yọ. Mo tún un kọ: “She had nobody with whom to leave us.” Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti di ìyá ẹlòmíràn kan tó ń gbé ní GRA, tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà, tí mo ìbá sọ fún olùkọ́ yẹn ká ní mo mọ̀ ọ́n, ni pé ojoojúmọ́ ni ẹnu òun náà ń ṣe ohun tó ní kò ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Agbowó, níbi tí mo máa ń jókòó sí láti yẹ project àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó lọ dì í. Wọ́n ti mú iná, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé. Ọmọ tó ń bá wọn tẹ̀wé wọlé pẹ̀lú àkàrà gbígbóná nínú ìwé ìròyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì bi í pé, “Ta lo rà á fún?” Mo fi ohun tí mò ń kà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan. Ta lo rà á fún? Mo kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: Who did you buy it for? “Ta” wà lókè, “who” wà lókè. “Fún” wà nísàlẹ̀ pátápátá, “for” náà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sì ka ìwé òyìnbó kankan kó tó sọ ọ́. Ebi àkàrà ló ń pa á.

Lọ sí Ìwó Road ní ìrọ̀lẹ́, kó o dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ lọ máa bi èrò tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ pé, “Ta lẹ̀ ń dúró dè?” Who are you waiting for? “Dè” ló gbẹ̀yìn. Wá kọ́kọ́rọ́ tì nílé, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé, “Ibo lo fi í sí?” “Sí” ló gbẹ̀yìn. Wo Bíbélì pàápàá, níbi tí Ọlọ́run ti ń bá Mósè sọ̀rọ̀ láti inú igbó tó ń jó: “ibi tí ìwọ gbé dúró sí nì, ilẹ̀ mímọ́ ni.” Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sọ tirẹ̀ báyìí: “the place whereon thou standest is holy ground.” Ó fa “on” síwájú, ó so ó mọ́ “where” bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ igi. Ṣùgbọ́n àwọn tó tú u sí Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, fi “sí” sílẹ̀ lẹ́yìn “dúró” níbi tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì rí wòlíì tó ní gbólóhùn yẹn ò pé.

(Àwọn onímọ̀ èdè á ní “fún” àti “dè” kì í ṣe preposition gidi, pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n, torí a lè sọ pé “ó fún mi.” Mo gbọ́. Kí wọ́n jà á parí ní yunifásítì. Etí ni èmi ń bá sọ̀rọ̀, etí ọmọ Yorùbá ò sì rí ohun àjèjì nínú kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.)

O lè wá bi mí pé ibo ni òfin náà ti wá. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni John Dryden, akéwì ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1672, ó jókòó ó ń wá ẹ̀sùn sí Ben Jonson lẹ́sẹ̀, òǹkọ̀wé eré tó ti kú láti 1637. Ọmọ kékeré tí kò ju bí ọdún 6 lọ ni Dryden fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin yẹn kú. Ó fa ìlà kan yọ nínú eré kan tí Jonson kọ ní 1611, “The bodies that those souls were frighted from”, ó ní “from” tó kẹ́yìn yẹn, àléébù ni, àti pé àìpẹ́ yìí lòun ṣàkíyèsí pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé tòun náà. Òkú ọdún 35 ò lè dá a lóhùn. Ó sì ṣe ohun tó sọ: àròkọ kan tó ti tẹ̀ jáde ní 1668, nígbà tí wọ́n máa tún un tẹ̀ ní 1684, ó ti ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbólóhùn kúrò níbẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Àwọn tó tẹ̀ lé e sọ pé Látìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Orúkọ tí Látìn fún ọ̀rọ̀ náà gan-an, “praepositio”, ohun tí a gbé síwájú ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi Látìn dẹ́rù bà ọ́, wá àgbàlagbà Àgùdà kan tó rántí Mísà ayé àtijọ́, kó o ní kó bá ọ ka ohun tí fádà máa ń sọ fún ìjọ: “Dominus vobiscum.” Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín. “Cum” ni “pẹ̀lú”, “vobis” ni “yín”. Wo ibi tí “cum” wà.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Robert Lowth, àlùfáà tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ìwé gírámà kan ní 1762. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó kọ ni pé “This is an Idiom which our language is strongly inclined to.” Ó ní èdè wa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì fi “to” sí ìparí gbólóhùn tó fi sọ ọ́! Lowth ò sọ pé èèwọ̀ ni. Ó ní ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, pé ti iwájú ló lẹ́wà jù nínú ìwé tó bá gbayì. Nígbà tó di 1795, Lindley Murray kó ọ̀rọ̀ Lowth sínú gírámà tirẹ̀, ó dé orí gbólóhùn yẹn, ara rẹ̀ ò gbà á, ó yí i padà sí “to which our language is strongly inclined.” Mo gbà pé bàbá ńlá supervisor rẹ nìyẹn. Títí di 1926 tí H. W. Fowler kọ ìwé ìlò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó sì pe òfin yìí ní ìgbàgbọ́ asán, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti bá àwọn tíṣà dé ọ̀dọ̀ wa.

Bó o bá fẹ́ rí i pé kì í ṣe òfin, mú “He was laughed at.” Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Gbé “at” kúrò ní ìparí. Ibo lo máa gbé e sí? Kò síbì kankan.

Ó yá, mo ti gbè ọ́ lẹ́yìn tó. Ó kan ibi tí màá ti bá ọ wí, torí mo ti ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìlà pupa tó pọ̀ sí i yẹn, supervisor rẹ ò jẹ̀bi rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún preposition nínú gírámà Yorùbá ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn, orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń mú eégún jáde. Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́, o mọ atọ́kùn. A máa lọ níwájú, a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí èrò bá pọ̀ a bọ́ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ibi tó dúró sí. Kí eégún má ṣáà wà ní Bẹẹrẹ láìsí i. Nínú project rẹ, mo rí eégún tí kò ní atọ́kùn, mo sì rí èyí tó ní méjì.

Ìlà kẹta: “The lorry which they bring the yams from Saki.” Kí ni wọ́n ń kó wá láti Ṣakí, lọ́rì ni àbí iṣu? Nínú èyí tó o kọ́kọ́ kọ, tó o fi bírò fàlà sí, mo ṣì rí i: “The lorry they bring the yams in.” Ó dára bẹ́ẹ̀! O yọ “in” torí pé ìdí ló wà, o ò sì rí ibòmíràn fi í sí, o bá sọ ọ́ nù. Yorùbá inú rẹ ò sì kìlọ̀ fún ọ, torí “ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu wá” la máa ń sọ. Wo “fi” yẹn. Òun gan-an ni “in” tó sọnù. Yorùbá ti ná an tán kó tó dé “kó”, nítorí náà nígbà tó o dé òpin gbólóhùn, etí rẹ ò retí nǹkan kan mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ò ní àga fún un níwájú “bring”. Ìparí ni àga tirẹ̀ wà. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé iṣu: the knife they cut the yam with. “Bá” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn obìnrin tí mo bá sọ̀rọ̀, the women I spoke with. Gbólóhùn tí wọ́n torí rẹ̀ nà ọ́ nìyẹn. “Ti” ń kọ́? Ìlú tí wọ́n ti wá: the town they came from. Bó o bá ti gbọ́ “fi”, “bá” tàbí “ti” nínú orí rẹ bó o ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ wo ìdí gbólóhùn rẹ, o jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

“Ní” ló wá burú jù, torí òun kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n rí i. Mo ń gbé ní ilé yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ilé síwájú, ilé tí mo ń gbé, “ní” ti sá lọ, Yorùbá ò sì wá a. Ìdí nìyẹn tó o fi kọ “the compound they live” sí ojú ìwé kejì, tí gbogbo Ìbàdàn sì ń kọ “the house I live” sínú fọ́ọ̀mù. Ọmọ ilé wa kan ni wọ́n ní kó kọ lẹ́tà sí tíṣà rẹ̀ nígbà tó pẹ́ dé ilé ìwé. Ó kọ “The Micra I came spoilt at Sango.” Mo bi í pé ṣé òun ló wa Micra, takisí kékeré yẹn, wá ni. Ó ní rárá, Màmá, mo wọ̀ ọ́ ni. Mo ní ó dára, fi “in” sí i: The Micra I came in. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ṣé a máa ń fi ‘in’ parí ọ̀rọ̀?” Ọmọ ọdún 10! Wọ́n ti fi sí i nínú tán.

Eégún alátọ́kùn méjì wà ní ojú ìwé kẹta: “the shed in which they sell their yams in.” Ọ̀kan ni kó o mú. Mo mọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀: o gbé ti iwájú sí i nítorí supervisor, ọwọ́ rẹ sì tún kọ ti ẹ̀yìn torí pé òun lẹnu rẹ mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wo “the woman that the researcher bought yam from her.” Yorùbá gidi ni! Obìnrin tí mo ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa gbọ́dọ̀ fi “rẹ̀” síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ “lọ́wọ́” á máa wá ọwọ́ ẹni tó ni ín. Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ “her” yẹn. “The woman the researcher bought yam from”, kó o fi ẹnu mọ́ bẹ́ẹ̀, kó o jẹ́ kí àyè tó ṣófo lẹ́yìn “from” ṣófo.

Bó o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ohun tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń wá bá mi ní Agbowó. Tú gbólóhùn náà padà sí bó ṣe rí kó o tó yí i: They bring the yams in the lorry. Ka ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó wà láàárín “yams” àti “lorry”. Ọ̀kan ni. Wá gbé “the lorry” síwájú. Ọ̀kan yẹn gbọ́dọ̀ ṣì wà níbì kan, níwájú “which” tàbí ní ìparí, kò gbọdọ̀ pé méjì, kò sì gbọdọ̀ di òfo.

Ní ti supervisor, má bá a jiyàn. Fún un ní agbádá rẹ̀: with whom, in which, from whom. Nígbà tó bá fọwọ́ sí i tán, máa sọ tìrẹ bó ṣe wù ọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, “isu” ni mò ń pe iṣu nílé títí dòní, bí ọmọ Ìbàdàn gidi, ọdún 33 tí mo fi kọ́ni ò sì yọ ọ́ lẹ́nu mi.

*

Màmá, ẹ kú ojúmọ́. Ọmọ mi obìnrin ní òyìnbó kì í sọ pé “off the gen”, pé “turn it off” ni. Mo ní ṣebí ẹ̀yin tíṣà lẹ ní kí a má fi irú “off” bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Ó tún ní Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, fi àwọn tó ṣe òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan. Ta ló jàre?
Bàbá Ìbejì, Àpátá

Bàbá Ìbejì, ọmọ yín ló jàre, àfi lórí Churchill.

“Off” tó wà nínú “turn it off” kì í tọ́kùn nǹkan kan. Ara ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Ẹ wo “bàjẹ́” tiwa. Bí mẹkáníìkì bá ba ọkọ̀ yín jẹ́, ẹ ò ní sọ pé ó bàjẹ́ ọkọ̀ mi. Ẹ máa la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ẹ máa fi ọkọ̀ sáàárín: ó ba ọkọ̀ mi jẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti dárúkọ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ó bà á jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní “jẹ́” ń fì dirodiro níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “turn” àti “off”. Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ju tiwa lọ, torí ó gbà kí ẹ sọ “turn off the gen” tàbí “turn the gen off”. Ṣùgbọ́n bó bá ti di “it”, àárín nìkan ló lè wà: turn it off. “Turn off it” ò sí níbì kankan.

“Off the gen” ń kọ́? Nínú ìwé, ẹ má kọ ọ́. Ní àgbàlá, nígbà tí wọ́n bá mú iná dé tí gbogbo àdúgbò hó yèè, èmi náà máa ń pariwo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, torí kí n tó pe “turn” tán, epo ti jó.

Gbólóhùn tí wọ́n ń fi sí Churchill lẹ́nu ni “up with which I will not put.” Àwọn tó ti wádìí rẹ̀ ò rí ẹ̀rí pé òun ló sọ ọ́. Ẹni yòówù kó sọ ọ́, àwàdà rẹ̀ dá lórí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wí: “put up with” jẹ́ mẹ́ta tó di ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni fara dà. Ẹni tó fà á ya láti pa òfin mọ́ dà bí ẹni tó gbọ́ “mi ò lè fara dà á”, tó sì gbé “dà” síwájú, tó fi “fara” sẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

*

Ìyá wa, ẹ bá wa dá sí i. Ọmọ mi wà ní JSS 2. Wọ́n ní kí wọ́n fi “Do you know” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó kọ “Do you know where is the bank?” Wọ́n fà á. Mo wò ó títí, mi ò rí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣé kí n lọ bá tíṣà rẹ̀ ni?
Ìyá Ọlọ́mọ, Mọ́níyà

Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ jókòó sílé. Tíṣà yẹn tọ̀nà, Yorùbá yín ló sì máa fi hàn yín.

Bí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ pàdé ní Dùgbẹ̀, ẹ máa ní “Ibo ni báńkì wà?” Where is the bank? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi “ṣé ẹ mọ̀” bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ṣì máa sọ pé “Ṣé ẹ mọ ibo ni báńkì wà”? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ ọ́, mo gbà. Ẹ̀yin àti èmi máa sọ pé “Ṣé ẹ mọ ibi tí báńkì wà?” “Ibo ni” ti di “ibi tí”. Ìbéèrè ti kúrò lórí báńkì, ó ti bọ́ sórí “mọ̀”. Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe irú ìyípadà yìí, kìkì pé òun ò pààrọ̀ “where”. Ipò ọ̀rọ̀ ló ń pààrọ̀. “Is the bank” yóò padà di “the bank is”. Kí ọmọ yín ka Yorùbá rẹ̀ sókè kó tó kọ Gẹ̀ẹ́sì: báńkì wà, the bank is. Do you know where the bank is? Báńkì ló ṣáájú, “wà” ló tẹ̀ lé e, nínú èdè méjèèjì.

Mo rí i nínú fọ́tò ìwé rẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pé ní nọ́ńbà keje ó kọ “Where is the bank at?”, tíṣà sì fojú fo ìyẹn. “At” yẹn, ẹ ní kó pa á rẹ́. Kì í ṣe torí pé ìparí ló wà o. “Where” ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.